Kí Ẹ Tó Pè É Ní Ọfà Ọ̀tá, Ẹ Wo Abọ́ Tẹ́ Ẹ Fi Ń Po Ọṣẹ

Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín pé ṣé Pásítọ̀ ò rí nǹkan mìíràn sọ mọ́ ni. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ abọ́ ni. Abọ́ tí ọkùnrin fi ń po ọṣẹ kó tó fá irùngbọ̀n.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní LAUTECH, wá bá mi lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú. Ó dúró títí gbogbo èèyàn fi lọ tán. Ó fi áńkáṣíìfù bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó ṣí i, àánú ẹ̀ ṣe mí. Láti abẹ́ etí títí dé ọrùn, kókó wẹ́wẹ́ lórí kókó wẹ́wẹ́ ni. Òmíràn ti gbọyún, òmíràn ti dúdú bí ojú iná. Ó ní, "Dádì, wọ́n ta mí lọ́fà ni. Mo lálàá pé ẹnì kan gbá mi létí. Àtìgbà yẹn lojú mi ò ti sinmi."

Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi pásítọ̀ yín, mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mi ò bi í pé kí lo fi ń fárùngbọ̀n, mi ò bi í pé ìgbà mélòó lọ́sẹ̀. Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàdúrà fún un, mo da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi pa á lójú kanlẹ̀. Ọmọ náà gbààwẹ̀ ọ̀hún láì yẹ̀ ẹ́. Ojú ò san. Mi ò sì rò pé òróró tí mo rọ́ mọ́ ojú tó ń gbọyún ṣe é lóore kankan.

Bí mo ṣe wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Àárọ̀ Sátidé kan, mo lọ kí ẹnì kan tí ara ẹ̀ ò yá nínú ilé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbé lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Bí mo ṣe wọ àgbàlá, mo bá àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Abọ́ ike kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, èyí tó jẹ́ pé bọ́tà ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ju ọṣẹ ìwẹ̀ tó ti fẹ́ẹ̀ tán sínú ẹ̀, wọ́n bu omi tútù lé e, búrọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n sì fi ń kùn ún lójú. Ẹni àkọ́kọ́ kùn, ó fá, ó gé ara ẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó fi búrọ́ọ̀ṣì náà nu ibẹ̀, ó sì tì í padà sínú abọ́. Ẹnì kejì gbà á. Ẹnì kẹta gbà á. Ẹnì kẹrin ni ọmọ tí mo gbààwẹ̀ lé lórí. Omi inú abọ́ yẹn ti di eérú, irun ń léfòó lójú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ táyà.

Ó rí mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi." N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tì mí.

Mo lọ bá dókítà kan tó ń jọ́sìn pẹ̀lú wa pé kó là mí lóye. Ó ní irun àwa aláwọ̀ dúdú kì í dúró gbọọrọ, ó máa ń ká. Bí abẹ bá gé e sún mọ́ awọ jù, ẹnu tó kù nílẹ̀ á mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bó ṣe ń hù padà ló ń tẹ̀, á gún awọ, á tún wọlé. Ara á kà á sí ẹ̀gún, á máa bá a jà, ibẹ̀ á wú, á yọ kókó. Òun lẹ̀yin ọmọ ilé ìwé ń pè ní bumps. Àwọn sójà dúdú ní Amẹ́ríkà ti ń bá a yí ọjọ́ pẹ́, torí pé òfin iṣẹ́ ológun ní kí wọ́n fárùngbọ̀n. Kódà lọ́dún 1993, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan níbẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan tó ń ta pizza lẹ́bi, nítorí òfin tó ṣe pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ dá irùngbọ̀n sí. Ilé ẹjọ́ rí i pé àwọn ọkùnrin dúdú ni òfin náà ń pa lára jù, torí àìsàn awọ yìí kan náà. Ṣé àjẹ́ abúlé wa ló rìn dé ibẹ̀ yẹn ni?

Mi ò ní ọ̀tá ò sí o. Bíbélì sọ pé ó wà. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá fi abẹ tó ti kú fá irun gbígbẹ pẹ̀lú ọṣẹ tí ò hó, tó sì jẹ́ pé inú abọ́ èèyàn mẹ́rin ló ti bu ú, iṣẹ́ wo ló kù fún Èṣù láti ṣe?

Ẹ jẹ́ n sọ ti abọ́ àjọlò yìí dáadáa, torí òun ló ń bà mí lẹ́rù ju kókó ojú lọ. Bí ẹ bá jọ jẹ gààrí nínú abọ́ kan, ìfẹ́ ni. Èmi náà jẹ ẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ilé ìwé, ó dùn. Ṣùgbọ́n abẹ kì í ṣe ṣíbí. Abẹ ń gé èèyàn, nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní dà bí ẹni pé ó gé yín. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lójú á bá búrọ́ọ̀ṣì wọnú abọ́, á bá ìfófó ọṣẹ lọ sójú ẹlòmíràn tí òun náà ti gé ara ẹ̀. Kòkòrò Hepatitis B, àrùn tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ èèyàn, lè wà láàyè lórí nǹkan fún ọjọ́ 7 ó kéré tán lẹ́yìn tó ti kúrò lára èèyàn. Ọjọ́ 7! Ìyẹn ni pé ẹni tó lo abọ́ lọ́jọ́ Sátidé yìí lè fi nǹkan sílẹ̀ de ẹni tó máa lò ó ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ sì máa rí i tí ọmọ á sọ pé, "Ọ̀rẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n." Ìwọ mọ̀ ọ́n. Ṣé òun alára mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀?

Kì í ṣe lọ́dọ̀ àwa tálákà nìkan ni nǹkan ìfárùngbọ̀n ti pa èèyàn. Láàárín 1915 sí 1924, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní àti lẹ́yìn ẹ̀, àwọn sójà àti ará ìlú ní Britain àti Amẹ́ríkà kó anthrax, àìsàn ẹran ọ̀sìn, láti ara búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe láì kọ́kọ́ pa kòkòrò ara ẹ̀. Àwọn kan kú. Búrọ́ọ̀ṣì lásán! Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé nǹkan kékeré ni pásítọ̀ ń fẹ̀ lójú, kó rántí wọn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, onígbàjámọ̀ máa ń wá sí agbolé wa. A ó tò lórí àpótí, ọmọ bíi mẹ́wàá, abẹ kan, igbá omi ọṣẹ kan. Bó bá fá orí ẹnì kan tán, á nu abẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó di ẹlòmíràn. Bí kúrúpá bá yọ lórí ọmọ kan, kí oṣù tó parí gbogbo wa la ti ní in. Àwọn òbí wa ò mọ̀, a ò lè bá wọn wí. Àwa mọ̀.

Ó dáa. Irú abọ́ wo ni kí èèyàn wá ní?

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí abọ́ ń ṣe. Irun gbígbẹ le. Bó bá mu omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, á rọ̀, abẹ á sì gé e láì fà á. Ìfófó ọṣẹ ló ń dá omi yẹn dúró sójú kó má gbẹ, òun náà ló ń jẹ́ kí abẹ máa yọ̀ lórí awọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìhó gọ̀ọ̀gọ̀ bíi ti ọṣẹ ìfọṣọ o, ìyẹn á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó mú abẹ. Èyí tá à ń wá gbọ́dọ̀ nípọn bí ẹyin tí alákéèkì lù dáadáa, tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, kò ní kán. Inú abọ́ ni ọṣẹ, omi díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti máa pò mọ́ra títí á fi rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé èèyàn lè po ó lójú ara ẹ̀ láì lo abọ́ rárá, mo mọ àwọn àgbà tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ẹ̀ ti ń yọ kókó, kí ló fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣe? Kó po ó sínú abọ́, kó rọra fi kùn ún.

Nítorí náà, abọ́ tó bá tẹ́jú bí àwo ìrẹsì ò dáa, ìfófó á máa ta sí yín láyà. Èyí tó bá jin bíi kọ́ọ̀bù gígùn náà ò dáa, ọwọ́ yín á máa gbá etí ẹ̀. Ẹnu tó fẹ̀ tó íńṣì 4 sí 5, kó jin tó íńṣì 2 sí 3, ó tán. Kí ìdí ẹ̀ jókòó dáadáa, kó má máa yí. Kó ṣeé gbá mú pẹ̀lú ọwọ́ tó lómi. Kí inú ẹ̀ má sì dán jù, torí ohun tí búrọ́ọ̀ṣì bá ń fara ha díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọṣẹ tètè hó. Mo rí àwọn kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n là nílà-ìlà nínú nítorí èyí. Ẹ má wulẹ̀ wo iye tí wọ́n ń tà á.

Abọ́ ike: ó fúyẹ́ jù, ó máa ń yọ̀ bọ́. Bó bá sì ti ha nínú, ìdọ̀tí á máa sá pamọ́ sínú ojú ìlà yẹn. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ ra tuntun. Kì í ṣe ike bọ́tà, kì í ṣe ike ọ̀dà. Mo ti rí ike ọ̀dà.

Bàbá mi lo kọ́ọ̀bù páànù funfun, èyí tí etí ẹ̀ ní aró. Gbogbo ọmọ ilé wa ló mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ fi mumi. Ó lò ó títí ọ̀dà ara ẹ̀ fi ń ṣí, tí ibi tó ṣí ń dípẹtà. Ibẹ̀ ni àléébù páànù wà: bí ọ̀dà ẹ̀ bá ti ṣí, ìpẹtà á máa wọnú ọṣẹ, ó tó àsìkò láti pààrọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó jẹ́ irin dídán tí kì í dípẹtà dáa ju ìyẹn lọ, ẹ rí i ní Wàsò, ẹ rí i ní Àràdà, kì í fọ́, ó rọrùn láti fọ̀. Ṣùgbọ́n ooru kì í pẹ́ nínú ẹ̀. Nígbà ọyẹ́ níbí, kẹ́ ẹ tó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán, ìfófó yòókù ti tutù bí omi yìnyín.

Tánganran ló ń pa ooru mọ́ jù. Èmi gba abọ́ ọbẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́ ìyàwó mi, ó ní, "Dádì, ẹ ò gbọdọ̀ dá a padà sí ilé ìdáná mi mọ́ o." Òótọ́ ló sọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi lò ó, ọjọ́ kan ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, ó bọ́ sílẹ̀, ó di mẹ́fà. Abọ́ amọ̀ tó ń ti Ìlọrin wá náà wuyì lójú, àwọn obìnrin tó ń mọ ọ́n mọṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọn ò fi nǹkan dídán ra nínú máa ń mu omi. Ọṣẹ yín á gbẹ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Wàyí o, èyí tí mo ń lò báyìí ló dá ìjà sílẹ̀.

Mo lọ sìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀yọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ọ̀yọ́ ni ilé àwọn tó ń fín igbá. Mo jókòó ti ọkùnrin kan tó ń fín in. Ọ̀bẹ kékeré lásán ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá ń fà á bí ẹni tó ń kọ̀wé. Mo bá igbá kóto kékeré kan níbẹ̀, kò ju agbárí ọmọ ọwọ́ lọ, wọ́n fín ẹ̀yìn ẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan inú ẹ̀. Mo gbé e lọ́wọ́, mo sì sọ nínú ara mi pé: abọ́ tí mò ń wá rèé. Owó tó gbà lọ́wọ́ mi ò tó owó dátà tí àwọn ọmọ wa ń jó lọ́sẹ̀ kan.

Igbá kì í jẹ́ kí ooru tètè lọ, kì í sì í jó ọwọ́ ẹni tó gbé e dání. Inú ẹ̀ ò dán jù, búrọ́ọ̀ṣì ń rí nǹkan gbá mú. Ó bá àtẹ́lẹwọ́ mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí àwọn tó ń ṣe é ṣe ń ṣe ni pé wọ́n á là á, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi títí ohun inú ẹ̀ á fi jẹrà, wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á sá a sóòrùn. Kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Tuntun máa ń korò díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kẹ́ ẹ da omi ẹ̀ nù. Ẹ má ra èyí tí wọ́n kùn lọ́dà nínú, omi gbígbóná á ṣí i. Ó ní àléébù tiẹ̀: bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ nínú, á bu, á sì máa rùn. Ẹ ṣàn án, ẹ dojú ẹ̀ dé síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Bó bá sì ti sán, ẹ jù ú nù. Àwọn ìyá wa máa ń rán igbá tó bá sán, ìyẹn fún ọkà àti èlùbọ́ ni, kì í ṣe fún ohun tó máa kan ojú tí abẹ gé.

Ojú fèrèsé ni mo dojú ẹ̀ dé sí lọ́jọ́ tí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ aládùúrà wá kí wa. Ó rí i. Kò sọ nǹkan fún mi o. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnì mẹ́ta ló ti pè mí. "Dádì, wọ́n ní igbá wà lójú fèrèsé yín." "Ẹ̀yin Dádì, ṣé ẹ ti gbàdúrà lé e lórí?" Ẹnì kan tiẹ̀ ní àṣírí ló tú yẹn, pé agbára tí mo fi ń wàásù ti ní ìdí mìíràn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo la ṣe dé ibí? Igbá la fi ń gbé ẹrù ìyàwó wọlé, ẹ sì ń jókòó níbẹ̀ tẹ́ ẹ ń pàtẹ́wọ́. Igbá ni ìyá tó bí yín fi bu omi wẹ̀ yín. Torí pé ẹnì kan gbé ẹbọ sínú igbá, igbá wá di ti Èṣù? Wọ́n ń gbé e sínú ike náà o, mo ti rí i ní oríta, ike bọ́tà ni! Bí onígbá bá ṣe pe igbá ẹ̀ ni wọ́n ń bá a pè é. Àwa ọmọ Yorùbá tá a di àtúnbí la jókòó, tá a pe igbá tiwa ní ohun àìmọ́, tá a wá ń fi owó ńlá ra abọ́ onígi tí òyìnbó gbẹ́. Wòlíì Èlíṣà, nígbà tó fẹ́ wo omi Jẹ́ríkò sàn, abọ́ ló kọ́kọ́ bèèrè, ẹ lọ ka 2 Àwọn Ọba 2. Bíbélì ò sọ fún wa bóyá amọ̀ ni tàbí igi. Ohun tó sọ ni pé Èlíṣà ní kó jẹ́ tuntun. Èmi náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyẹn: kó jẹ́ tuntun, kó sì jẹ́ ti ìwọ nìkan.

Lílò ẹ̀ ò le. Ẹ da omi gbígbóná sínú abọ́, ẹ ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ẹ̀, kẹ́ ẹ lọ fi omi gbígbóná fọ ojú yín. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ da omi yẹn nù pátápátá, ẹ gbọn búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀, ẹ fi sínú ọṣẹ, ẹ máa yí i nínú abọ́. Bó bá gbẹ, ẹ kán omi sí i, kíkán ni mo wí, ẹ má bu ú. Omi òjò máa ń hó ju omi kànga lọ, ẹni tó ń fọṣọ nílé yín á jẹ́rìí sí i, torí omi kànga mìíràn máa ń ba ọṣẹ jà. Ọṣẹ dúdú ń hó, adín inú ẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n eérú tí wọ́n fi sè é le, ó lè ta ojú tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Mi ò lò ó fún irùngbọ̀n. Ibi tí irun kọjú sí ni kẹ́ ẹ máa fá a lọ, ẹ má fá a sókè, ẹ má fọwọ́ fa awọ le. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ fọ abọ́.

Ṣùgbọ́n abọ́ tó dáa jù láyé ò lè wo ojú tó ti bàjẹ́ sàn. Dókítà yẹn sọ ọ́ fún mi láì fi bọpo bọyọ̀: ẹni tí tiẹ̀ bá ti pọ̀, oògùn tó dájú jù ni kó má fá a mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kó jẹ́ kó hù. Bó bá ń gbọyún, kó lọ sílé ìwòsàn. Méjì ńlá ló wà nílùú wa, ti LAUTECH àti ti Bowen. Kó má lọ ra ìpara tí wọ́n pò létí ọ̀nà.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bá ara mi. Nítorí nígbà tí mo bi ọmọ yẹn pé kí ló dé tó fi ń fá a ní gbogbo Sátidé pẹ̀lú ojú tó rí bẹ́ẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Dádì, ọ́ṣà ni mí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹ́ nínú ìjọ mọ ohun tó ń sọ. Èmi ni mo ṣòfin, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, pé ọ́ṣà kankan ò gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run pẹ̀lú irùngbọ̀n. Mo fi ọ̀rọ̀ Jósẹ́fù tì í lẹ́yìn, pé ó fárùngbọ̀n kó tó lọ síwájú Fáráò, Jẹ́nẹ́sísì 41. Mo wàásù ẹ̀ dáadáa, ẹ ṣe àmín. Mo dá àwọn ọmọ padà sílé lẹ́nu ọ̀nà nítorí ẹ̀. Ọmọ yìí ń fi ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ pa òfin mi mọ́ ní Sátidé, á sì wá fi áńkáṣíìfù bo ojú lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi ni mo tún gbààwẹ̀ lé e lórí pé ọ̀tá ló ń bá a jà.

Ibòmíràn tún wà nínú Bíbélì tí mi ò wàásù ẹ̀ rí, 2 Sámúẹ́lì 10. Hánúnì fá ìdajì irùngbọ̀n àwọn ìránṣẹ́ Dáfídì láti fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Dáfídì ò ní kí wọ́n fá èyí tó kù kí wọ́n máa bọ̀. Ó ránṣẹ́ lọ pàdé wọn pé kí wọ́n dúró ní Jẹ́ríkò títí irùngbọ̀n wọn á fi hù. Ọba ni, ó sì nílò àwọn èèyàn ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró de irun. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jẹ́ Hánúnì fún àwọn ọmọ tí Ọlọ́run fi sábẹ́ mi, tí mo rò pé Dáfídì ni mí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójúkojú. Mo tún ń tọrọ ẹ̀ níbí lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kúrò nínú ìjọ nítorí ẹ̀.

Òfin yẹn ti kú láti òní. Ọ́ṣà tó bá fẹ́ fá, kó fá. Èyí tí ojú ẹ̀ ò bá gbà á, kó dá a sí, kó gẹ̀ ẹ́ kó mọ́ níwọ̀n. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè, kó ní kí wọ́n wá bá mi. Ọmọ yẹn ti fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Kókó ti wọlẹ̀, dúdú ojú ẹ̀ ò tíì lọ tán. Ó tún ti padà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn kan nínú yín sì wò ó láti òkè délẹ̀. Mo rí yín.

Ẹ̀yin ìyá, ẹni tó bá ń wá ẹ̀bùn fún ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, ẹ ra abọ́ kan àti búrọ́ọ̀ṣì kan fún un, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí ìdí abọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ fún ìsìn òpin oṣù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra igbá kóto kéékèèké mẹ́wàá bọ̀, èmi á san owó ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé tí ò ní ni wọ́n ń lọ.

Sátidé yìí, aago 8 àárọ̀, lẹ́yìn àdúrà àwọn ọkùnrin, kí kálukú mú abọ́ tó fi ń fárùngbọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó mú un wá o, bó ṣe wà gan-an ni mo fẹ́ rí i. Èmi á gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná wá, màá mú igbá mi náà wá. Ẹni tí igbá bá ń bà lẹ́rù lè jókòó sẹ́yìn.